Bí Ìjókòó 38 Ṣe Bọ́ Sọ́wọ́ Ẹgbẹ́ Kan: Èsì Ìbò Ìgbìmọ̀ Ìlú Brighton àti Hove ní 2023

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, àwọn ará Brighton àti Hove, ìlú etíkun kan ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dìbò yan káńsẹ́lọ̀ 54 sínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso ìlú wọn. Nígbà tí wọ́n ka ìbò náà tán, ẹgbẹ́ Labour ti kó ìjókòó 38. Ẹgbẹ́ Green, tí ó wà lórí àlééfà títí di ọjọ́ ìbò, ṣẹ́ ku 7. Conservative rí 6 mú. Ẹgbẹ́ kékeré kan tí ó jẹ́ ti ìlú náà nìkan, Brighton and Hove Independents, gba 2, ẹnì kan tí kò bá ẹgbẹ́ kankan ṣe sì gba 1. Ọdún mẹ́rin ṣáájú, ní 2019, Labour ní 20, Green ní 19, Conservative ní 14, ẹnì kan tí ó dá dúró ní 1. Èyí fi hàn pé ìjókòó 18 ni Labour fi kún tirẹ̀, Green pàdánù 12, Conservative sì pàdánù 8.

Ẹni tí ó bá wo 38 nínú 54 lè rò pé ìlú náà lódindi ti di ti Labour. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àbùkù tí àwọn aráàlú ń rí lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn lójoojúmọ́ wà nínú nọ́ńbà náà, ìbínú gbogbo orílẹ̀-èdè sí ìjọba tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù wà nínú rẹ̀, ọgbọ́n ìṣirò tí òfin ìbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ ìbò di ìjókòó sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gba àlàyé.

Abúlé apẹja ni Brighton nígbà kan. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn oníṣègùn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé omi òkun ń wo àìsàn, àwọn ọlọ́rọ̀ sì ń wá láti Lọ́ńdọ̀nù láti wẹ̀ níbẹ̀. Ọmọọba tí ó di Ọba George Kẹrin kọ́ ààfin rẹ̀ síbẹ̀, Royal Pavilion, tí òrùlé rẹ̀ rí rogodo bí ti àwọn ààfin Íńdíà. Ọ̀nà reluwé dé ibẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ní 1841, láti ìgbà náà ni tálákà pẹ̀lú ti ń fi ọjọ́ ìsinmi lọ síbẹ̀. Etíkun rẹ̀ kò ní iyanrìn tó ti Lekki. Òkúta róbótó róbótó ló tẹ́ gbogbo rẹ̀, tí ó ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tí ń rìn. Hove wà ní ìwọ̀-oòrùn Brighton, ilé sì ti so wọ́n pọ̀ débi pé àlejò kò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Wọ́n pa ìlú méjèèjì pọ̀ sábẹ́ ìgbìmọ̀ kan ní 1997, wọ́n sì fún wọn ní oyè ìlú ńlá ní 2000. Síbẹ̀ bí ènìyàn bá béèrè lọ́wọ́ ọmọ Hove bóyá Brighton ló ń gbé, yóò tètè tún un sọ pé Hove ni. Ìdílé tí wọ́n so pọ̀ kì í gbàgbé orúkọ baba rẹ̀. Iye àwọn tí ń gbé ìlú méjèèjì tó nǹkan bí 277,000 nígbà ìkànìyàn 2021.

Kò sí ìgbìmọ̀ ẹkùn kankan lókè ìgbìmọ̀ ìlú yìí, nítorí náà gbogbo iṣẹ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ ń ṣe, ọrùn rẹ̀ ló wà. Òun ló ń kó ìdọ̀tí, tí ń tún ojú títì ṣe, tí ń fọwọ́ sí ìwé ilé kíkọ́, tí ń fi ilé ìjọba háyà fún àwọn tí kò lágbára, tí ń ṣí ilé ìkàwé, tí ń gba owó ibi ìgbọ́kọ̀sí. Òun náà ló ń tọ́jú àwọn arúgbó tí kò lè dá wẹ̀ mọ́ àti àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lè tọ́ wọn. Lára owó tí ó fi ń ṣe é ni owó orí ilé tí agbo ilé kọ̀ọ̀kan ń san, tí wọ́n gbé ka iye tí ilé náà ì bá tà ní 1991. Ìgbìmọ̀ kò sì lè bu owó yìí lé bí ó bá ṣe wù ú: ní ọdún ìṣúná tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2023, ìgbìmọ̀ irú èyí tí ó bá fẹ́ fi 5 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún un gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe gbogbo ìlú láti dìbò lé e lórí. Owó tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn ìgbìmọ̀ sì ti dín kù gan-an lẹ́yìn 2010.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ìtọ́jú arúgbó àti ti ọmọdé ni ó ń jẹ owó jù lọ, òfin ló sì fi dandan lé e. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olùdìbò kì í rí iṣẹ́ yẹn, nítorí inú ilé onílé ló ti ń lọ. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń rí ni ìdọ̀tí, koríko, iná òpópónà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìgbogbogbò, ìyẹn àwọn nǹkan tí wọ́n ń fi owó tí ó ṣẹ́ kù ṣe. Ìgbìmọ̀ lè fi ọ̀pọ̀ owó tọ́jú àwọn aláìlera dáadáa kí ìlú má mọ̀, kí ó sì kùnà nínú ohun tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan kí gbogbo ojúlé máa sọ ọ́. Ẹgbẹ́ tí ó bá ṣàkóso Brighton àti Hove, irú ẹgbẹ́ yòówù kó jẹ́, inú pàkúté yìí ni ó ń jókòó sí.

Láti ìgbà tí ìgbìmọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ títí di 2003, Labour ló ní ju ìdajì ìjókòó lọ. Ní 2003, wọ́n dín iye káńsẹ́lọ̀ kù láti 78 sí 54, Labour sì rí 24 péré. Ìjókòó 28 ni ẹgbẹ́ kan nílò kí ó tó lè dá ṣèpinnu láìbẹ ẹnikẹ́ni. Ogún ọdún gbáko ni kò fi sí ẹgbẹ́ tí ó dé ibẹ̀. Conservative súnmọ́ ọn jù ní 2007 pẹ̀lú ìjókòó 26. Ní 2011, ẹgbẹ́ Green gba 23, ó sì di ẹgbẹ́ tí ó pọ̀ jù. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ní ilẹ̀ Bìrìtéènì pé kí Green ṣáájú ìgbìmọ̀ ìlú kan. Ọdún kan ṣáájú ni Caroline Lucas ti wọ ilé aṣòfin láti ẹkùn ìdìbò Brighton Pavilion, tí ó di aṣòfin àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ Green ní ní Westminster. Ayé ń wo Brighton nígbà náà bí ilé Green. Ní 2015, Labour padà sípò kìíní pẹ̀lú 23, Conservative ní 20, Green já sí 11. Ní 2019, Labour fi ìjókòó kan ṣoṣo ju Green lọ. Nígbà tí àwọn káńsẹ́lọ̀ Labour kan kúrò nínú ẹgbẹ́ wọn ní 2020, Green di ẹni tí ó pọ̀ jù, Phélim Mac Cafferty sì di olórí ìgbìmọ̀ ní oṣù Keje ọdún náà.

Àkóso láìní ju ìdajì lọ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Gbogbo ìṣúná gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ àwọn alátakò kọjá, àwọn alátakò a sì gé e, a tún un ṣe, a fi tiwọn kún un. Àpẹẹrẹ kan ni ọ̀nà àwọn oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n là sí ojú títì Old Shoreham Road ní 2020, nígbà àrùn kòrónà. Nígbà tí ó di 2021, Labour àti Conservative pa ohùn pọ̀, wọ́n dìbò pé kí wọ́n hú u kúrò, wọ́n sì hú u, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Green tí ń ṣàkóso kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ ìbò bá dé, ẹni tí orúkọ olórí wà lára rẹ̀ ni ìlú ń bi léèrè ohun tí ó bàjẹ́.

Ohun tí ó bàjẹ́ tí ó sì hàn jù ni ìdọ̀tí. Ní oṣù Kẹfà 2013, nígbà tí Green wà lórí àlééfà lẹ́ẹ̀kìíní, àwọn akólẹ̀kódọ̀tí yanṣẹ́ lódì nítorí àtúnṣe tí wọ́n fẹ́ ṣe sí owó àjẹmọ́nú wọn. Ní oṣù Kẹwàá 2021, nígbà tí Green tún wà níbẹ̀, wọ́n yanṣẹ́ lódì lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì gba ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ìlú tí kò sí létí òkun, àpò ìdọ̀tí tí wọ́n so lẹ́nu lè dúró lójú títì fún ọjọ́ mélòó kan láìfi bẹ́ẹ̀ tú. Ní Brighton, ẹyẹ òkun ń bẹ lórí òrùlé gbogbo. Ẹyẹ náà funfun, ó tóbi tó àkùkọ adìẹ, ẹnu rẹ̀ mú, ẹ̀rù ènìyàn kì í bà á. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ó ń fi ẹnu fa àpò ọ̀rá ya, ó ń wọ́ egungun adìẹ àti ìlédìí ọmọ ọwọ́ káàkiri pèpéle ẹlẹ́sẹ̀. Nígbà tí onílé bá fi jí, ohun tí ó dì sínú àpò lálẹ́ àná ti tẹ́ rẹrẹ níwájú ilé aládùúgbò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìpolongo ìbò kankan kò lè dé ibi tí irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ dé nínú ọkàn olùdìbò.

Èpò ni ó tẹ̀ lé e. Ní 2019, ìgbìmọ̀ náà pinnu láti má ṣe lo oògùn apakoríko tí wọ́n ń pè ní glyphosate mọ́ ní ojú títì, nítorí ìpalára tí wọ́n gbà pé ó lè ṣe fún oyin, ilẹ̀ àti ènìyàn. Ìpinnu tí ó bá èrò Green nípa àyíká mu dáadáa ni, àwọn ẹgbẹ́ yòókù náà sì fara mọ́ ọn nígbà náà. Kí wọ́n máa fi ọwọ́ àti irinṣẹ́ tu èpò ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kò tó, ojú ọ̀nà sì pọ̀. Koríko hù láàárín òkúta pèpéle títí ó fi ga dé orúnkún ní àwọn ibì kan. Arúgbó tí ń tẹ̀pá, ìyá tí ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́, ẹni tí ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, gbogbo wọn ní láti yà sójú títì láàárín ọkọ̀. Ìwà tí ó dára sí àyíká wá di ìyà fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò lágbára. Ó yẹ kí a sọ ọ́ gbangba pé àṣìṣe náà kò sí nínú èrò, inú ìmúṣẹ ni ó wà: wọ́n mú oògùn kúrò láìmú òṣìṣẹ́ wá.

Nígbà tí wọ́n ń múra ìṣúná 2023 sílẹ̀, àbá láti ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìgbogbogbò pa tún jáde. Ní ìlú tí oúnjẹ òòjọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wá láti ọ̀dọ̀ àlejò tí ó fi gbogbo ọjọ́ jókòó létí òkun, àbá yìí bí àwọn oníṣòwò nínú. Àwọn arúgbó sì mọ̀ pé bí kò bá sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nítòsí, àwọn kò ní lè jáde nílé rárá. Ariwo pọ̀, wọ́n sì dá díẹ̀ nínú àbá náà padà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti wọ etí olùdìbò ní oṣù mẹ́ta péré kí ìbò tó dé.

Lókè gbogbo rẹ̀ ni òpó kan ga sí, tí ojú kò lè fò ó. Òpó náà ń jẹ́ i360, ó ga ní mítà 162, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, yàrá onígíláàsì kan tí ó rí róbótó sì máa ń gbé àlejò lọ sókè lára rẹ̀ láti wo òkun. Àwọn ayàwòrán ilé tí ó ṣe London Eye ni wọ́n ṣe é, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹjọ 2016. Ìgbìmọ̀ ìlú yá pọ́n-ùn mílíọ̀nù 36.2 lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ó sì fi owó náà yá ilé-iṣẹ́ tí ó kọ́ ọ, ní ìrètí pé èlé tí yóò gbà yóò ju èlé tí yóò san lọ. Ní 2014, Green àti Conservative ni wọ́n jọ fọwọ́ sí ẹ̀yáwó náà. Labour ta kò ó. Àlejò kò pọ̀ tó bí wọ́n ti rò ó, ilé-iṣẹ́ náà kò rí gbèsè san bó ṣe yẹ, gbèsè sì ń gorí gbèsè. Nígbà tí ìgbìmọ̀ kan bá ń sọ pé òun kò rí owó ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, òpó tí ó ga tó bẹ́ẹ̀ ní etíkun kan náà ń ṣe bí ẹlẹ́rìí lòdì sí i.

Àwọn wo ni ó wá lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ tẹnu wọn nínú ọ̀rọ̀ yìí? Àwọn tí ó lè dìbò níbẹ̀ pọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ìbò ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ti ọmọ onílùú nìkan. Ọmọ orílẹ̀-èdè èyíkéyìí nínú àjọ Commonwealth tí ó ti pé ọdún 18, tí ó ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ìwé àṣẹ ìgbélùú tí kò tíì parí, lè forúkọ sílẹ̀ kí ó sì dìbò. Nàìjíríà wà nínú àjọ náà. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti Ìbàdàn tàbí Adó-Èkìtì wá sí Yunifásítì Sussex tàbí ti Brighton pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́, àti nọ́ọ̀sì tí ó wá pẹ̀lú físà iṣẹ́, ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú ẹni tí ìran rẹ̀ ti ń pẹja níbẹ̀ láti ọ̀rúndún mẹ́ta sẹ́yìn. Àwọn tí ó mọ èyí kò tó iye tí ó yẹ, ó sì ṣe ni láàánú, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Commonwealth wọ̀nyí ń san owó orí ilé sínú ìgbìmọ̀ tí wọn kò mọ̀ pé àwọn lè yàn. Láti díje fún ipò káńsẹ́lọ̀ ni ó le díẹ̀: ọmọ Commonwealth tí ó nílò ìwé àṣẹ ìgbélùú gbọ́dọ̀ ní èyí tí kò ní òpin.

Ìbò 2023 náà ni ìgbà àkọ́kọ́ tí gbogbo olùdìbò ìgbìmọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ fi ìwé ìdánimọ̀ tí ó ní fọ́tò hàn ní ibùdó ìdìbò, gẹ́gẹ́ bí òfin ìbò tí wọ́n ṣe ní 2022 ti sọ. Kí ó tó di ìgbà náà, olùdìbò kàn ń sọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ ni. Páásìpọ́ọ̀tù Nàìjíríà wà lára ohun tí òfin gbà, nítorí pé orílẹ̀-èdè Commonwealth ni. Ìwé tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá pàápàá ṣe é lò bí ojú tí ó wà nínú fọ́tò bá ṣì jọ ti ẹni tí ó mú un wá. Ẹni tí kò ní ìkankan lè gba ìwé ẹ̀rí lọ́fẹ̀ẹ́ ṣáájú ọjọ́ ìbò.

Ibùdó ìdìbò ń ṣí ní agogo 7 àárọ̀, ó sì ń tì ní agogo 10 alẹ́. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n sábà máa ń lò. Kò sí ọlọ́pàá tí ń dà àwọn ènìyàn lẹ́gbẹ́ẹ̀ kan, kò sì sí òfin kónílé-ó-gbélé. Ọjọ́ iṣẹ́ ni. Àwọn ènìyàn ń yà síbẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ síbi iṣẹ́ tàbí bí wọ́n ti ń mú ajá rìn, wọ́n ń fi pẹ́ńsù tí wọ́n fi okùn so mọ́ tábìlì sàmì sí ìwé, wọ́n sì ń lọ. Àwọn tí kò lè wá ti fi ìbò wọn ránṣẹ́ nínú lẹ́tà ṣáájú. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fi ìbuwọ́lù àti ọjọ́ ìbí wọn wé èyí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó ka ìbò náà.

Bí ìbò ṣe ń di ìjókòó ni apá tí ó gba ìfarabalẹ̀ jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2023, wọ́n ti tún ààlà ilẹ̀ ìlú náà pín sí wọ́ọ̀dù 23. Wọ́ọ̀dù 15 nínú wọn ní káńsẹ́lọ̀ méjì méjì, 8 yòókù ní mẹ́ta mẹ́ta. Nínú wọ́ọ̀dù oníjókòó mẹ́ta, olùdìbò kọ̀ọ̀kan lè fi àmì sí orúkọ mẹ́ta, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì lè fa ènìyàn mẹ́ta kalẹ̀. Àwọn mẹ́ta tí ìbò wọn bá pọ̀ jù ni wọ́n wọlé. Kò sí ohun tí ó sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ rí ìdajì ìbò.

Ká ní olùdìbò 5,400 jáde ní irú wọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀, tí olúkúlùkù sì fi àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Bí ènìyàn 2,100 bá dìbò fún ẹgbẹ́ kìíní, 1,800 fún ẹgbẹ́ kejì, 1,500 fún ẹgbẹ́ kẹta, àwọn olùdíje mẹ́ta ti ẹgbẹ́ kìíní yóò ní 2,100 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì kó ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Ẹgbẹ́ tí kò rí tó olùdìbò 2 nínú 5 ti gbé gbogbo wọ́ọ̀dù. Àwọn 3,300 tí wọ́n fẹ́ nǹkan mìíràn kò ní káńsẹ́lọ̀ kankan. Bí ìbò ẹgbẹ́ kan bá wá tẹ́jú jákèjádò ìlú, tí ó ń fi díẹ̀ ṣáájú ní ibi púpọ̀, ìjókòó rẹ̀ yóò ga ju ìbò rẹ̀ lọ fíìfíì. Ìjókòó 38 nínú 54 tó nǹkan bí 7 nínú 10. Kò sí ẹni tí ó mọ Brighton dáadáa tí yóò sọ pé 7 nínú 10 olùdìbò rẹ̀ jẹ́ ti Labour. Idà olójú méjì ni òfin yìí: Labour tí ó jàǹfààní rẹ̀ ní 2023 mọ̀ pé bí ìbò díẹ̀ bá yí padà, ọ̀pọ̀ ìjókòó lè yí padà pẹ̀lú.

Kíkà á náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ ka iye ìwé tí ó wà nínú àpótí, láìwo àmì, kí ó bá iye tí ibùdó kọ sílẹ̀ mu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ya àwọn ìwé tí gbogbo àmì wọn wà fún ẹgbẹ́ kan sọ́tọ̀, nítorí ìyẹn rọrùn láti kà. Àwọn tí ó kù ni ti olùdìbò tí ó fi àmì kan fún Labour, òmíràn fún Green, ẹ̀kẹta fún ẹni tí ó mọ̀ ládùúgbò. Ọ̀nà tí wọ́n sábà máa ń gbà ka ìwọ̀nyí ni láti tò wọ́n lérí ara wọn lórí pépà ńlá kan, bí ìgbà tí a bá to páànù òrùlé, kí orúkọ kan náà lè wà lórí ìlà kan náà, kí òṣìṣẹ́ sì lè fi ìka tẹ̀ lé àmì láti orí dé ìdí. Aṣojú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń dúró ní òdìkejì tábìlì, ó ń wò, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìwé tí àmì rẹ̀ bá ju iye ìjókòó lọ, tàbí tí ẹni tí ó kọ ọ́ bá fi orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, alákòóso ìbò yóò fagi lé e lójú gbogbo wọn. Bí ìbò olùdíje méjì bá dọ́gba sí ìjókòó ìkẹyìn, ìbó ni wọn yóò ṣẹ́. Òfin ló wí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí èsì ń jáde, Labour gba ìjókòó ní ìlà-oòrùn ìlú, ó gbà á ní Hove, ó sì wọ àárín Brighton níbi tí Green ti jọba fún ọdún pípẹ́. Mac Cafferty fúnra rẹ̀ pàdánù ìjókòó rẹ̀. Olórí ìgbìmọ̀ tí àwọn ará wọ́ọ̀dù rẹ̀ kò dá padà kò lè sọ pé àdúgbò mìíràn ni kò mọ iṣẹ́ òun. Conservative ṣẹ́ ku sí Patcham àti Westdene, àwọn àdúgbò tí ó jìn sí òkun, tí onílé pọ̀ sí ju ayálégbé lọ. Àwọn méjì tí Brighton and Hove Independents ní wá láti Rottingdean, abúlé àtijọ́ kan ní ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn, tí àwọn ará ibẹ̀ gbà pé ààrín ìlú kì í rántí àwọn.

Ọ̀rọ̀ Conservative kò nílò àlàyé gígùn. Green ló ń ṣàkóso ìlú, wọn kì í ṣe Conservative, síbẹ̀ Conservative pàdánù ju ìdajì ìjókòó wọn lọ. Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Conservative ti ń ṣèjọba, ni ìyà yẹn ti wá. Boris Johnson ti fipò olórí ìjọba sílẹ̀ ní 2022, Liz Truss tí ó rọ́pò rẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìṣúná rẹ̀ sì dá ọjà owó rú, owó èlé ilé gòkè, Rishi Sunak sì wà níbẹ̀ nígbà tí ìbò dé. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, Conservative pàdánù ju ìjókòó 1,000 lọ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Labour sì di ẹgbẹ́ tí káńsẹ́lọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ láti 2002. Àwọn ìlú etíkun mìíràn tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà. Ní Blackpool, Labour gba 28 nínú 42. Ní Thanet, níbi tí Margate àti Ramsgate wà, ó gba 30 nínú 56. Ẹgbẹ́ UKIP tí ó gba 33 níbẹ̀ ní 2015 kò ní nǹkan kan mọ́.

Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ orílẹ̀-èdè kò lè ṣàlàyé ìṣubú Green. Ní ọjọ́ yẹn gan-an, Green gba ìjókòó 24 nínú 34 ní Mid Suffolk, àgbègbè oko ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ní ju ìdajì lọ nínú ìgbìmọ̀ kan fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan náà, orúkọ kan náà, ọjọ́ kan náà. Níbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rí, wọ́n gbé e gun ẹṣin. Níbi tí ó ti kó ìdọ̀tí fún ọdún mélòó kan, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Èyí ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù pé ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà ilé ni ìbò Brighton dá lé lórí.

Bella Sankey, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìgbìmọ̀ nípasẹ̀ ìbò àfidípò ní wọ́ọ̀dù Wish ní oṣù Kejìlá 2022, di olórí ìgbìmọ̀ ní oṣù Karùn-ún 2023. Kò sí alátakò tí ó lè dá ìṣúná rẹ̀ dúró. Ní oṣù Kìíní 2024, wọ́n pinnu láti dá oògùn apakoríko náà padà ní ìwọ̀n tí wọ́n ń ṣọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, wọ́n fi ètò àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké tí ẹgbẹ́ gbogbo ti ń jókòó sí láti 2012 sílẹ̀, wọ́n padà sí ètò olórí pẹ̀lú kábínẹ́ẹ̀tì rẹ̀, níbi tí àwọn ènìyàn díẹ̀ ti ń ṣèpinnu. Ọ̀nà yìí yá, ó sì mú kí ìlú mọ ẹni tí yóò bi léèrè, ṣùgbọ́n ohùn àwọn 16 yòókù rẹlẹ̀ gan-an nínú rẹ̀.

Àwọn olùdìbò kò sì fi ọkàn wọn tà fún ẹgbẹ́ kan. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 2024, nígbà ìbò ilé aṣòfin àpapọ̀, Labour wọlé ní Hove àti ní ìlà-oòrùn ìlú. Caroline Lucas ti fẹ̀yìn tì. Siân Berry ti ẹgbẹ́ Green ló rọ́pò rẹ̀ ní Brighton Pavilion. Ọ̀pọ̀ òpópónà tí ó lé Green kúrò nínú ìgbìmọ̀ ní oṣù mẹ́rìnlá ṣáájú tún rán Green lọ sí Westminster, nítorí pé aṣòfin kì í kó ìdọ̀tí.

Ní ìparí ọdún 2024, i360 wọ ọwọ́ àwọn tí ń bójú tó ilé-iṣẹ́ tí gbèsè pa. Gbèsè tí ó jẹ ìgbìmọ̀ ìlú ti tó nǹkan bí mílíọ̀nù pọ́n-ùn 51. Ìgbìmọ̀ tí Labour ń darí, ẹgbẹ́ tí ó ta kò ẹ̀yáwó náà ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú, ni ó jókòó tí ó fagi lé gbèsè ọ̀hún, tí ó sì ní láti máa wá owó tí yóò fi san ti ìjọba àpapọ̀ padà lọ́dọọdún láti inú ìṣúná tí ó yẹ kí ó fi kó ìdọ̀tí àti èyí tí ó yẹ kí ó fi tọ́jú arúgbó.